Ta Ni Ó Ni Ẹnu Ìyọ̀ǹda? Ìtọrọ Àyè fún Orin Àsínjẹ ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ohun tí òwe yìí ń fi yé wa ni pé ẹni tí ó bá fi orin sọ̀rọ̀ ní ààbò kan tí ẹni tí ó fi ẹnu lásán sọ ọ̀rọ̀ kan náà kò ní. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé orin ẹlòmíràn ni ọ̀kọrin náà gbé, tí ó yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, tí ó sì ń fi í pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọ̀kọrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò bínú, kì í ṣe ọba. Irú ìbínú yìí, àti ọ̀nà tí àwọn kan ti gbà láti dènà rẹ̀, ni ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Orin àsínjẹ ni a ó máa pe irú orin bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé bá ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìn kíláàsì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín, a ó ní ó ń sín olùkọ́ náà jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orin àsínjẹ rí. Ohùn orin àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ digbí, ìlù rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó yàtọ̀. Bí olùgbọ́ kò bá dá orin àkọ́kọ́ mọ̀, ẹ̀rín kò sí níbẹ̀, nítorí náà orin tí ó gbòde kan ni wọ́n máa ń sín jẹ. Èyí ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára orin jíjí. Olè a máa fi ohun tí ó jí pamọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sín orin jẹ fẹ́ kí gbogbo ayé mọ ibi tí òun ti mú un.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a fi ṣe gbọ̀ngàn ìwádìí wa, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, níbẹ̀ náà ni akọrin kan sì ti fi ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn olórin kí ó tó sín wọn jẹ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìṣòro ìtọrọ àyè kì í sábà jẹ́ bóyá kí á béèrè tàbí kí á má béèrè. Ìṣòro rẹ̀ ni mímọ ẹni tí ó ni ẹnu láti dáhùn.

Ọmọ Aláàkọ́díọ̀nù

Alfred Matthew Yankovic, tí ayé mọ̀ sí "Weird Al" Yankovic, ni a bí ní Ìpínlẹ̀ California ní ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 1959. Kò tíì pé ọmọ ọdún 7 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní àkọ́díọ̀nù, irú ohun èlò orin tí àwọn àgbà wa mọ̀ mọ́ I. K. Dairo nínú orin jùjú. Ní ọdún 1979, nígbà tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa yíya àwòrán ilé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú San Luis Obispo, ó sín orin "My Sharona" ti ẹgbẹ́ olórin The Knack jẹ, ó sì sọ tirẹ̀ ní "My Bologna". Inú ilé ìtura tí ó kọjú sí iyàrá rédíò ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ó ti gba ohùn orin yìí sílẹ̀, nítorí pé ògiri ibẹ̀ máa ń dá ohùn padà dáradára. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Doug Fieger, aṣíwájú ẹgbẹ́ The Knack, gbọ́ orin náà, ó dùn mọ́ ọn, ó sì rọ ilé-iṣẹ́ Capitol tí ó gbé orin tirẹ̀ jáde pé kí wọ́n gbé èyí náà jáde. Ẹ̀yìn tí orin ti délé ni ìyọ̀ǹda tó tẹ̀ lé e.

Láti ìgbà tí Yankovic ti di olórin gidi, ó sọ ọ́ di àṣà pé kí ó máa béèrè ṣáájú. Ó béèrè lọ́wọ́ Michael Jackson kí ó tó sọ "Beat It" di "Eat It" ní ọdún 1984. Jackson gbà, orin náà sì dé ipò kejìlá nínú ìdíje orin Billboard, ó tún gba ẹ̀bùn Grammy. Ní ọdún 1988, Jackson tún yọ̀ǹda "Bad" kí ó di "Fat", ó sì jẹ́ kí wọ́n lo àwòkọ ibùdókọ̀ ojú-irin abẹ́lẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti lò fún fíìmù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yankovic wá béèrè fún "Black or White", Jackson rọra sọ fún un pé orin náà ní iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ nípa ìṣọ̀kan dúdú àti funfun, òun kò sì fẹ́ kí a fi í ṣeré. Yankovic fi í sílẹ̀. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé Jackson ni ó kọ ọ̀rọ̀ "Beat It" àti "Bad", òun náà ni ó kọ wọ́n lórin. Ẹnu kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ẹnu náà sì ni ó dáhùn.

Kì í ṣe gbogbo olórin ni ó gbà. Prince kọ̀ jálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Paul McCartney kò fẹ́ kí "Live and Let Die" di orin nípa oúnjẹ tí a fi ẹran adìyẹ sè, nítorí pé òun kì í jẹ ẹran. Yankovic, tí òun náà ti jáwọ́ nínú ẹran jíjẹ, gbà pé ọ̀rọ̀ náà ní láárí. Àwọn mìíràn fi májẹ̀mú sí i: Mark Knopfler ti ẹgbẹ́ Dire Straits ní òun yóò yọ̀ǹda bí ó bá jẹ́ pé òun fúnra òun ni yóò ta gìtá nínú àsínjẹ náà, ó sì ta á. Ní ọdún 1992, Yankovic bá Kurt Cobain sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù níbi tí ẹgbẹ́ Nirvana ti ń múra láti ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n. Cobain bi í bóyá orin nípa oúnjẹ ni yóò jẹ́. Ó ní rárá, pé yóò dá lórí bí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ ohun tí Cobain ń wí nínú orin rẹ̀. Cobain rẹ́rìn-ín, ó sì gbà.

Owó náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì gbọdọ̀ fojú fò ó. Bí olórin bá yọ̀ǹda, ẹni tí ó kọ orin àkọ́kọ́ ní ìpín nínú ohun tí àsínjẹ bá mú wọlé. Nítorí náà, ẹni tí ó ní "ẹ máa ṣe é" kò fi ọwọ́ òfìfo sọ ọ́.

Ohun tí Ilé-ẹjọ́ Sọ

Bí a bá wo gbogbo èyí, a lè rò pé òfin ni ó pàṣẹ pé kí á béèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ tí ó là wá lójú nípa èyí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1989, nígbà tí Luther Campbell àti ẹgbẹ́ rẹ̀, 2 Live Crew, ti ìlú Miami, sín orin "Oh, Pretty Woman" jẹ. Roy Orbison àti William Dees ni ó kọ orin náà ní ọdún 1964. Orbison ti kú ní oṣù kejìlá ọdún 1988; ilé-iṣẹ́ Acuff-Rose ni ẹ̀tọ́ orin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1989, alámòójútó ẹgbẹ́ 2 Live Crew kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Ó ní àwọn yóò dárúkọ àwọn tí ó ni orin, àwọn yóò sì san owó. Ó tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ orin náà àti ohùn rẹ̀ ránṣẹ́. Acuff-Rose kọ̀. Ẹgbẹ́ náà gbé orin wọn jáde síbẹ̀síbẹ̀, ó sì tó nǹkan bí ọdún kan, tí wọ́n ti tà á tó nǹkan bí 250,000, kí Acuff-Rose tó pè wọ́n lẹ́jọ́.

Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní ìlú Nashville dá 2 Live Crew láre. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn lẹ́bi, ohun tí ó sì ká àwọn adájọ́ ibẹ̀ lára jù ni pé wọ́n ṣe orin náà fún títà. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹta, ọdún 1994, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà pa ohùn pọ̀ yí ìdájọ́ yìí padà. Adájọ́ David Souter ni ó kọ ìdájọ́ náà. Ó ṣàlàyé pé òfin ọdún 1976 fi àyè sílẹ̀ fún ìlò tí ó bá ẹ̀tọ́ mu, pé orin àsínjẹ lè wà lábẹ́ àyè yìí bí a tilẹ̀ ń tà á, àti pé kókó ibẹ̀ ni bóyá orin tuntun náà fi ohun tuntun kún ti àtijọ́. Ó tún sọ ohun kan tí ó kan iṣẹ́ yìí gbọ̀ngbọ̀n: bí ìlò kan bá bá ẹ̀tọ́ mu, kò sí ìdí tí a fi ní láti tọrọ àyè rárá, àti pé bí ẹnìkan bá tọrọ tí wọn kò fún un, a kò gbọdọ̀ fi ìyẹn gún un lójú pé ó ti mọ̀ pé òun jẹ̀bi. Ó lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ yẹra fún ẹjọ́ ni.

Ó yẹ kí àwọn tí ó máa ń tọ́ka sí ìdájọ́ yìí ka apá kejì rẹ̀ pẹ̀lú. Souter ya orin tí ó ń sín orin mìíràn jẹ kí ó lè sọ nǹkan nípa orin náà gan-an sọ́tọ̀ kúrò lára orin tí ó kàn yá ohùn orin tí ó lókìkí láti fi ẹlòmíràn ṣe ẹ̀fẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ kò lè ṣe kí ó má fara kan orin àtijọ́. Èyí kejì ní láti wí àwíjàre ìdí tí ó fi yá ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ náà kò parí sí ilé-ẹjọ́ yẹn. Wọ́n dá a padà sí ìsàlẹ̀ fún àyẹ̀wò síwájú sí i, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì parí rẹ̀ láàárín ara wọn, 2 Live Crew sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Acuff-Rose. Ẹni tí òfin ní kò pọn dandan fún láti béèrè padà wá gba àyè.

Ní ilẹ̀ wa, ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ní láti lọ gbọ́ lẹ́nu adájọ́ ti wà nínú ìwé. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1988 dárúkọ àsínjẹ lára ohun tí kò tẹ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lójú, òfin tuntun tí a ń pè ní ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, sì tún fi ẹ̀fẹ̀ kún un. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ti máa ń wò pé ibẹ̀ ni òfin wa ti ṣẹ̀ wá, kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sínú òfin tirẹ̀ títí di oṣù kẹwàá ọdún 2014. Kí olùkọ́ má ṣi èyí gbọ́ o. Olùkọ́ tí ó fi ohùn orin fújì kan tí ó gbòde kọ́ àwọn ọmọ ní ìsọdipúpọ̀ kò sín ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí pé kò sọ ohunkóhun nípa orin tí ó yá lóhùn. Àyè tí òfin fún ẹ̀kọ́ ni ó ń lò, èyí sì yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ Coolio

Orin "Gangsta's Paradise" jáde ní ọdún 1995. Artis Leon Ivey, ọmọ Compton ní California, tí a mọ̀ sí Coolio, ni ó kọ ọ́ pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n lo orin náà nínú fíìmù Dangerous Minds, tí ó dá lórí olùkọ́bìnrin kan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí àwùjọ ti pa tì. (Fíìmù náà yẹ ní wíwò fún ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mú kí iṣẹ́ náà dà bí ohun tí obìnrin kan lè fi inú rere nìkan tún ṣe láàárín oṣù díẹ̀.) Orin náà kì í ṣe orin ijó. Ohùn ọ̀dọ́kùnrin tí ikú àdúgbò ti yí ká ni, tí kò mọ̀ bóyá òun yóò dàgbà. Òun ni ó gba ipò kìíní nínú gbogbo orin ọdún náà ní Amẹ́ríkà.

Ohùn orin náà kì í ṣe ti Coolio látilẹ̀wá. Ara "Pastime Paradise", tí Stevie Wonder kọ ní ọdún 1976, ni wọ́n ti gé e. Wọ́n ní láti lọ bá Wonder, Wonder kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rírùn wà nínú ohun tí a ó kọ́ lé orin òun lórí. Coolio yọ àwọn ọ̀rọ̀ náà kúrò, Wonder wá yọ̀ǹda, orúkọ rẹ̀ sì wọ inú àwọn tí ó kọ orin tuntun náà. A lè sọ pé ìtọrọ àyè ni ó jẹ́ kí orin náà rí bí ó ti rí, nítorí pé ara ohun tí ó jẹ́ kí a lè gbọ́ ọ níbi gbogbo, lórí rédíò àti nínú ilé, ni pé kò sí èébú nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1996, Yankovic sọ orin yìí di "Amish Paradise", orin nípa àwọn Kristẹni Amish tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rìn, tí wọn kì í fa iná mànàmáná wọ ilé. Àwọn ènìyàn ilé-iṣẹ́ agbórin-jáde ti sọ fún un pé Coolio ti gbà. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ tí Coolio gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún 1996, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé òun kò yọ̀ǹda ohunkóhun, àti pé orin òun ti wúwo jù fún irú eré bẹ́ẹ̀. Yankovic kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí i. Orin ti jáde; a kò lè kó o padà mọ́. Lórí èèpo àwo náà, Yankovic di irun rẹ̀ bí irun Coolio, èyí tí kò bá ọ̀rọ̀ náà pẹ̀tù.

Ta ni ó purọ́? A kò rò pé ìbéèrè tí ó yẹ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ "bẹ́ẹ̀ ni" ni ó rin ìrìnàjò láti ẹnu kan dé ẹnu mìíràn. Olórin ní alámòójútó, alámòójútó ní ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ní agbẹjọ́rò, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ni ọ̀rọ̀ orin lọ́tọ̀ tí wọn kò ni ohùn tí a gbà sílẹ̀. Nínú òfin, ẹni tí ó ni orin ni a ń wá, ìyẹn sì lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí kò mọ ohun tí orin náà jẹ́ sí ẹni tí ó kọ ọ́. Nínú ọmọlúàbí, ẹni tí ẹ̀dùn rẹ̀ wà nínú orin ni a ń wá. Coolio kò jiyàn lórí owó. Ó ń sọ pé àwọn ọmọ àdúgbò òun kú, ẹnìkan sì ń fi orin òkú wọn ṣe ẹ̀rín.

Lójú tiwa, ìbínú náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó sì ní ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó. Ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ nítorí pé, bí a bá fi òṣùwọ̀n ọdún 1994 wọ̀n ọ́n, "Amish Paradise" kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ohunkóhun nípa "Gangsta's Paradise". Àwọn Amish ni ó ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Irú orin tí Souter ní ó yẹ kí ó wí àwíjàre ni, nítorí náà ìtọrọ àyè níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ lásán. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé Coolio náà jókòó lórí àpótí ẹlòmíràn. Ohun tí Wonder ṣe fún un, tí ó gbọ́ ọ, tí ó sọ ohun tí kò fẹ́, tí ó sì yọ̀ǹda ìyókù, ni kò sí ẹni tí ó fún òun ní àyè láti ṣe fún Yankovic. Bóyá ohun tí ó dùn ún gan-an nìyẹn.

Ó sì yẹ kí á wo àwọn Amish pẹ̀lú. Nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, ẹni tí ó ni orin ni a ń sọ pé kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí a fi ṣe ẹ̀rín kò sí nínú ìṣirò. Àwọn tí ó mọ alẹ́ ẹ̀fẹ̀ nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu àti ti Yewa yóò rí i pé èyí kò ṣàjèjì. Ọ̀kọrin ẹ̀fẹ̀ kì í lọ bá ẹni tí yóò bú pé "jọ̀wọ́, ṣé kí n bú ọ?" Ìbà ni ó ń jú fún àwọn ìyá tí wọ́n ni òru, tí àṣẹ ibẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá ti júbà tán, ọ̀rọ̀ tí ó kù di ti gbogbo ìlú.

Bẹ́ẹ̀ Ni Èké, Bẹ́ẹ̀ Kọ́ Èké

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Coolio, Yankovic pinnu pé òun yóò máa gbìyànjú láti gbọ́ ìdáhùn lẹ́nu olórin fúnra rẹ̀. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ mú kí nǹkan rọrùn. Ní ọdún 2006, James Blunt fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda kí ó sín "You're Beautiful" jẹ, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Atlantic tí ó ń gbé orin Blunt jáde ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Yankovic kò fi orin náà sínú àwo rẹ̀. Ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2011, ìdàkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Alámòójútó Lady Gaga ní òun gbọ́dọ̀ gbọ́ orin náà ná. Yankovic kọ ọ́, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́, wọ́n sì dá a lóhùn pé rárá. Ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí iṣẹ́ náà má baà ṣègbé. Ìgbà náà ni Gaga ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì hàn pé alámòójútó náà ti dáhùn ní orúkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó bi í. Ní ti Coolio, "bẹ́ẹ̀ ni" tí olórin kò sọ ni wọ́n gbé wá. Ní ti Gaga, "bẹ́ẹ̀ kọ́" tí olórin kò sọ ni.

Coolio àti Yankovic bára wọn rẹ́. Wọ́n ya àwòrán pọ̀ níbi ìpàtẹ kan ní oṣù kìíní ọdún 2006, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Coolio sọ fún àwọn tí ó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò pé ìwà òmùgọ̀ ni òun hù nígbà náà, pé ó yẹ kí òun ti gba orin náà mọ́ra. Ó kú ní ọjọ́ 28, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022. Ohun tí ó sọ ní ọjọ́ ogbó kò sọ ohun tí ó sọ ní ọdún 1996 di irọ́. Ọkùnrin tí ọgbẹ́ rẹ̀ ti jinná ni ó ń sọ èyí ìkẹyìn.

Nígbà tí Yankovic ń ṣe àwo Mandatory Fun, tí ó jáde ní ọdún 2014, tí ó sì bọ́ sí ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, ó fẹ́ sín "Fancy" ti Iggy Azalea jẹ. Kò kọ̀wé, kò sì rán agbẹjọ́rò. Ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Denver, níbi tí Azalea ti ń ṣeré, ó dúró títí tí ó fi sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó dárúkọ ara rẹ̀ fún un, ó sì béèrè. Azalea ní kí ó ṣe é.